Ẹ ka bíìlì náà ní ìlà dé ìlà

Nígbà tí ọmọbìnrin mi rí àyè sí yunifásítì ní North Carolina níbí, mo pe ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn pé ọmọ máa kàwé lówó pọ́ọ́kú: 500 dọ́là ní sáà kan! Irọ́ kọ́. Láti 2018 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì kan. NC Promise ni wọ́n ń pè é. Elizabeth City State wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Fayetteville State sì wọ̀ ọ́ ní 2022. Yunifásítì ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ni méjèèjì, láyé tí ilé-ìwé àwọn òyìnbó ibẹ̀ kì í gbà wọ́n. Ti Fayetteville ti wà láti 1867. Orí mi máa ń wú pé irú ibẹ̀ ni ọmọ mi ti ń kàwé.

Ọjọ́ tí bíìlì dé ni àyà mi já. Mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, mo ń fìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Owó ẹ̀kọ́, 500 lóòótọ́. Lábẹ́ rẹ̀: owó yàrá, owó oúnjẹ, owó eré ìdárayá, owó kọ̀ǹpútà, àti ìlà kan tí mi ò mọ̀dí rẹ̀.

"Mọ́mì, adójútòfò ìlera nìyẹn. Ṣebí mo ti wà lórí tiyín níbi iṣẹ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni o. A fi nọ́ńbà káàdì wa hàn wọ́n, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ká ní a jẹ́ kí ọjọ́ kọjá ni, à bá san owó ohun tí a ti ní.

Ọ̀rọ̀ ibùgbé ló fẹ́ gún mi jù. Ẹni tí kì í ṣe ará ìpínlẹ̀, 2,500 ló ń san ní sáà kan. A ti lò ju oṣù 12 tí wọ́n ń béèrè lọ ní North Carolina, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ mi ṣì jẹ́ ti Maryland, níbi tí a ti kó wá. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la. Ìwé òbí ni wọ́n sì sábà máa ń wò fún ọmọ tí kò tíì pé 24. Ìwé owó orí, ìwé ilé, ìwé mọ́tò, gbogbo rẹ̀ ni mo kó jọ kí wọ́n tó gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ẹ tètè yí láísẹ́ǹsì yín.

Ẹ má sì dúró de lẹ́tà yunifásítì kí ẹ tó kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní green card lè kọ ọ́ bí ọmọ onílẹ̀. Ibẹ̀ ni Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, ti ń wá, ẹ ò sì ní dá a padà. Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, ó lè tó 7,395 dọ́là fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀. Òun ló gbé púpọ̀ nínú owó yàrá àti oúnjẹ ọmọ mi lọ́dún àkọ́kọ́.

Àbúrò rẹ̀ ti wà ní kíláàsì àṣekágbá báyìí. Ní oṣù October, èmi àti ẹ̀ jókòó sídìí tábìlì yẹn, a kọ FAFSA tirẹ̀. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń fìka tọ ìlà.