Mo ti ta ọ̀kadà Bajaj mi
Ẹ bá mi dúpẹ́! Ọ̀gá kan tó ń ra ọ̀kadà àlòkù ní Láfẹnwá, l'Abẹ́òkúta níbí, wo èéfín rẹ̀, ó ní ₦450,000, owó ojú ẹsẹ̀. Lóòótọ́ òun náà gbọ́dọ̀ jèrè, ṣùgbọ́n ọkàn mi kọ̀ ọ́. Mẹkáníìkì mi ló mú bàbá kan wá láti Adátán. Bàbá ní ká jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kóun tó sítáàtì ẹ̀, kóun lè mọ bó ṣe ń jí láàárọ̀. Ẹsẹ̀ kan péré, ó jí! ₦580,000 la fẹnu kò sí.

N ò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ títí áláàtì fi wọlé. A kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣásì sínú ìwé àdéhùn, torí bí ẹnìkan bá fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ ibi, ẹni tórúkọ ẹ̀ wà lórí ìwé lọlọ́pàá máa wá. Lọ́jọ́ Ajé, a ó jọ lọ yí orúkọ padà.