Ajá wọ inú sákíìtì wa

Ámítà kan ṣoṣo, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná tó ń ṣàn nínú wáyà, ló kù ní yàrá sáyẹ́ǹsì wa lọ́nà Ìdànrè, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti há sórí òdo kí n tó débẹ̀. Mo máa ń gbé e sórí tábìlì, màá ní, "Ká ní ó ń ṣiṣẹ́ ni, ibí yìí lẹ ò bá ti rí i." Àwọn ọmọ SS2 mi, 58 ni wọ́n, á kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni ń kọ orúkọ ìlú tí ò ní dé láéláé.

Àgùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ wọn ní Mátì ló kọ́kọ́ dárúkọ PhET fún mi, àwọn eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dán ohun sáyẹ́ǹsì wò lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni, torí mo mọ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì: o máa forúkọ sílẹ̀, o máa fi ímeèlì sílẹ̀, tó bá yá wọ́n á ní kóo mú káàdì báńkì wá. Èyí ò bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Yunifásítì Colorado tó wà ní Boulder, ní Amẹ́ríkà, ló ni ín. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú Fíṣíìsì lọ́dún 2001, ló dá a sílẹ̀ ní 2002. (Ẹ ṣọ́ra o, owó ni wọ́n ń ta áàpù rẹ̀. Orí wẹ́ẹ̀bù ló ti jẹ́ ọ̀fẹ́.)

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo jókòó tì í. Mo fa bátìrì kan jáde, fólítì 9. Mo fa rẹ̀sísítọ̀ kan tó ń dín ìṣàn iná kù, óòmù 10. Mo fi wáyà so wọ́n pọ̀ di sákíìtì, mo ki ámítà bọ àárín. Ó ka ámpíà 0.90. Mo sọ óòmù náà di 20. 0.45. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, mo pariwo, ọkọ mi ní ṣé eku ni. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Adéyẹmí, ní Oǹdó, ni mo ti ń kọ òfin Ohm sójú pátákó, pé bí óòmù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iná tó ń ṣàn ń dín kù. Èmi fúnra mi ò rí i rí kí nọ́ńbà yẹn já sí ìdajì níṣojú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí kíláàsì. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti ṣí i nílé, ó ti wọnú ẹ̀rọ nìyẹn. Òbìrìkìtì kan ń yí lójú rẹ̀.

"Mà, ó ń yí."

"Mo rí i."

"Ó ṣì ń yí, mà."

Kí agogo tó lù, dátà mi ti tán, òbìrìkìtì ò sì dúró. Àgùnbánirọ̀ ló wá fi ọfà kékeré kan hàn mí, tó kọjú sísàlẹ̀, lábẹ́ àwòrán eré náà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, fáìlì kan ṣoṣo ló máa bọ́ sílẹ̀, kò tó fídíò ìgbéyàwó kan lórí WhatsApp. Chrome á ṣí i láìsí dátà. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣeé di lẹ́rù.

Ó tún fi Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà, sí i fún mi. Kọ̀ǹpútà kan á gbé e, àwọn yòókù á so mọ́ ọn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò ẹ̀kọ́ Khan Academy sì wà nínú rẹ̀. Ó dáa, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn yára ju etí àwọn ọmọ mi lọ, wọn ò sì tò ó bí WAEC ṣe tò ó. Èmi ni mò ń wò ó lálẹ́ kí n tó lọ kọ́ wọn. Àbúrò mi tó ń kọ́ Púráímárì 2 ní Oǹdó kò tiẹ̀ yà síbẹ̀, ìtàn Yorùbá ló ń tẹ̀ jáde láti orí African Storybook, wọ́n fàyè gbà á kó ṣe ẹ̀dà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni mo pè wọ́n sídìí láptọ́ọ̀pù. Ẹnì kan pariwo, "Mà, ajá wà níbí!" Lóòótọ́ ni: kọ́ìnì, pẹ́ńsù, ọwọ́ èèyàn àti ajá wà nínú àpótí irinṣẹ́ náà. Wọ́n ti kọ́ìnì bọ àárín wáyà, gílóòbù tàn. Wọ́n ti ajá bọ̀ ọ́, gílóòbù ò tàn. Olórí ẹgbẹ́ kẹta bá fi wáyà nìkan so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀, iná sọ.

Igbákejì ọ̀gá àgbà sáré dé.

"Ìyá Tòmíwá, kí ló ń jó?"

"Bátìrì ni, sà."

"Bátìrì wo?"

Àwọn ni wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà mi ò dá fóònù lábàá. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ fáìlì náà mú mẹ́mọ́rì káàdì òbí rẹ̀ wá, kó lọ lò ó nílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá ọmọ kan pè mí láti Ìsìkàn. Ó ń ṣiṣẹ́ iná, ó máa ń fa wáyà sílé fún èèyàn.

"Anti, ẹ káalẹ́. Ọmọ yìí ń dáná sun bátìrì lórí fóònù mi láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò kọ́ wọn ní fíúùsì ni?"

Mo ní kò sí fíúùsì, ohun tó máa ń já tí iná bá pọ̀ jù, nínú eré náà.

"Ó wà níbẹ̀, Anti. Mo ti fi sí i."

Mo ṣí láptọ́ọ̀pù. Inú àpótí kan náà tí ajá wà ló wà.