Sùúrùlérè àti Peckham: ta ni yóò bá mi yọ irùngbọ̀n yìí?

Ní Sùúrùlérè, kò sí òpópónà tí èèyàn máa gbà tí kò ní kan ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á gbé kílípà, wọ́n á sì fi spirit pa èèyàn lágbọ̀n títí omijé á fi bọ́. Gbogbo wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń tún irùngbọ̀n ṣe kó lè gún régé. Ẹni tó máa yọ ọ́ pátápátá, kó má hù mọ́, ni n kò rí. Ohun tí mo sì ń wá nìyẹn, torí obìnrin trans ni mí, ìyẹn obìnrin tí wọ́n pè ní ọkùnrin nígbà tí wọ́n bí i, irùngbọ̀n yìí ló sì máa ń sọ̀rọ̀ kí n tó la ẹnu.

Àwọn àgbà ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó nílé nìyẹn, iyì ọkùnrin ni. Bó bá wá hù lágbọ̀n obìnrin, ọ̀rọ̀ á di wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá aláta kan wà ládùúgbò wa tí kì í jáde láìfi ìborùn bo àgbọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irun tó wà níbẹ̀ ò ju fọ́nrán mélòó kan lọ. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère Ìyánlá tó ń jáde lóru ní irùngbọ̀n gígùn, agbára àwọn ìyá ni wọ́n fi ń hàn. Ó ń dùn mí pé ọlá tí wọ́n ń bù fún ère yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta.

Abẹ ni mo ń lò nílé, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ará ilé tó jí. Irun wa máa ń ká lábẹ́ awọ. Béèyàn bá fá a kanlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ á padà gún awọ, ibẹ̀ á wú, á di kókó, kókó á di àpá dúdú. Oògùn họ́mọ̀nù obìnrin ò ràn án. Ó lè mú awọ rọ̀, ó lè mú ọmú yọ, àmọ́ irùngbọ̀n tó ti hù kì í tìtorí rẹ̀ wọlé padà. Àwọn ilé ìtọ́jú awọ tó ní laser, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pa gbòǹgbò irun, wà ní Lekki àti Victoria Island fún ẹni tówó bá tó lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kí n sọ ìdí tí mo fi wá fún? Òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin léèwọ̀, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan bọwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014, ò dárúkọ àwa trans, síbẹ̀ àwọn ọlọ́pàá kan ń fi dẹ́rù ba ẹni tí ìrísí rẹ̀ bá yàtọ̀, wọ́n ń tú fóònù rẹ̀, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa ẹnu mọ́.

Ní London tí mo wà báyìí, mo lè sọ ọ́ lórí fóònù pé obìnrin trans ni mí, irùngbọ̀n ni mo fẹ́ yọ, ẹni tó gbé fóònù á sì béèrè ọjọ́ tó rọ̀ mí lọ́rùn. Òfin tó dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìyàsọ́tọ̀ ti wà láti 2010. Owó ni wàhálà. Wákàtí kan lọ́dọ̀ oníṣẹ́ electrolysis, ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ àti iná mànàmáná pa gbòǹgbò irun, lè gba 60 pọ́n-ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ náà sì lè gba ọdún kan tàbí méjì, torí gbogbo irun kì í hù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, lè sanwó ìwọ̀nba ìgbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún lèèyàn fi ń dúró kó tó kàn án. Àpò ara wa ni púpọ̀ nínú wa ń ki ọwọ́ bọ̀.

Wàhálà kejì ló jinlẹ̀ jù. Àwọn oníṣẹ́ electrolysis wà, káńsù ló sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ ní London. Ìwé àṣẹ yẹn ń sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àti ààbò. Kò sọ fún ọ bóyá ẹni náà ti fọwọ́ kan awọ dúdú rí. Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Ní 1875, Charles Michel, dókítà ojú ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bó ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti iná mànàmáná pa gbòǹgbò irun ìpéǹpéjú tó ń hù wọnú ojú. Títí dòní, ọ̀nà náà ni. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín á wọ ihò irun, iná á gbà á kọjá. Irú iná kan ń sọ omi àti iyọ̀ inú awọ di sódà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, sódà yẹn á jẹ gbòǹgbò run. Ìkejì, ooru ló fi ń pa á. Àwọn míì ń pa méjèèjì pọ̀.

Ṣùgbọ́n irun tó ká kò dúró tààrà lábẹ́ awọ. Ẹni tó bá ti abẹ́rẹ́ lọ gbọnrangandan á jó awọ lásán, gbòǹgbò á sì wà níbẹ̀ láìkú. Lára tiwa, jíjó yẹn lè di àpá dúdú tó máa pẹ́ kó tó ṣá, tàbí àpá tó ń wú. Obìnrin kan tí mo kọ́kọ́ lọ bá wo ojú mi, ó ní irú awọ mi le. Mo dúpẹ́, mo sì jáde.

Àǹtí tó ń dirun fún mi ní Rye Lane, ní Peckham ní London, ló tọ́ka ẹni tó mọṣẹ́. Òun náà máa ń hu irun lágbọ̀n tẹ́lẹ̀.

"Àbúrò mi, sún mọ́bí, wo àgbọ̀n mi dáadáa."

Mo wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Ó jọ̀lọ̀, kò sí àpá kankan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín ṣe é?"

Obìnrin tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà ni. Kó tó tan ẹ̀rọ, ó gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, ó fi ìka tọ ibi tí irun kọ̀ọ̀kan dorí kọ, ó na awọ, ó wá dẹ abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ náà ní ìbòrí, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló ń gbóná, kí òkè awọ má bàa jó. Ó fi ẹ̀mú mú irun, irun náà yọ wẹ́rẹ́. Bó bá ti ń fà ọ́ bí ẹni ń tu ìyẹ́ adìyẹ, gbòǹgbò ò tíì kú nìyẹn, sọ fún un kó dúró. Ètè òkè ló dùn mí jù. Ibi kékeré lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti dán an wò ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n lọ wo bó ṣe máa jinná ná. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ béèrè irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi àwòrán ojú tó dúdú bíi tiyín hàn yín, èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ẹ̀mú gbọ́dọ̀ rí irun mú, nítorí náà èèyàn ò ní fá irùngbọ̀n fún ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú. Nínú òtútù London, mo fi síkáàfù wé ọrùn dé imú, mo wọ bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Nínú ooru Èkó, nínú dánfó tí orúnkún ń kan orúnkún, n kò lè dán an wò. Ìyá oníbúrẹ́dì nílé á bi mí bí mo ṣe sùn, á wo ojú mi, á sì rí i. Mo ń ṣàárò ìbéèrè yẹn gan-an, àmọ́ ibi tí wọn kì í ti í béèrè ni mo ti rí àyè tún ojú mi ṣe.

Ẹ̀yin àbúrò mi tó wà nílé, tẹ́ ẹ bá rówó laser, ẹ béèrè orúkọ ẹ̀rọ náà. Nd:YAG ló bá awọ dúdú mu. Ẹ̀rọ alexandrite lè jó yín. Laser ò rí irun funfun, ó sì máa ń dín irun kù ni. Electrolysis ló ń parí iṣẹ́.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú awọ ní Yábàá àti Ìkejà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí. Ẹ̀rọ rẹ̀ kéré débi pé ínfátà lè gbé e nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ tíì ṣe tán láti gba àwa trans wọlé, ìyá aláta nílò yín.