Kí Ohùn Ṣáájú: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa QoS Lórí Switch

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bójú tó network ọ́fíìsì tó ń lo fóònù IP, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú QoS, ìyẹn ètò tó ń sọ irú dátà tó máa ṣáájú lórí network. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, ọ́fíìsì kan tó ní ẹ̀ka ní Ìkọ̀lé ló sì là mí lójú jù. Láàárọ̀, ìpè wọn ń lọ geere. Tó bá dọ̀sán tí backup (ṣíṣe ẹ̀dà fáìlì pamọ́) bẹ̀rẹ̀, ohùn á máa já: "Ẹ ǹlẹ́ o! Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?" Wọ́n ti fẹ́ ra bandwidth, ìyẹn iye dátà tí ọ̀nà wọn lè gbé, kún un. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù ná, nítorí ìpè kan tó bá ń lo G.711 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà sọ ohùn di dátà) kì í gbà ju nǹkan bíi 87 kbps lọ ní ọ̀nà kan.

Fóònù ti lẹ àmì mọ́ ohùn kó tó fi í ránṣẹ́: DSCP 46, tí wọ́n tún ń pè ní EF. DSCP ni nọ́ńbà tó ń sọ irú dátà tó jẹ́ fún network. Ibi tí àmì yẹn ti ń sọnù ni kí ẹ wá. Lórí Catalyst 2960, irú switch Cisco kan (ẹ̀rọ tó ń so fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀), bí ẹ bá kọ "mls qos", àṣẹ tó ń tan QoS, tí ẹ sì dúró níbẹ̀, kò sí port (ojú ihò tí wáyà ń wọ̀) tó máa gba àmì ẹnikẹ́ni gbọ́. Gbogbo èyí tó bá wọlé ló máa sọ di 0. Bí mo ṣe bá tiwọn gan-an nìyẹn. Ohùn àti backup wá di ẹgbẹ́ ara wọn.

Port tó lọ sí switch mìíràn, mo fún un ní "mls qos trust dscp", kó lè gba àmì gbọ́, àti "priority-queue out", kí ohùn lè kọ́kọ́ jáde. Port ti fóònù, fóònù nìkan ni mo ní kó gbà gbọ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè lẹ 46 mọ́ fíìmù tó ń dáńlóòdù.

Ṣùgbọ́n switch nìkan kò tó. Bí wọ́n bá ní kí àgbàlagbà bọ́ síwájú ní báńkì, ìlà kò tìtorí ẹ̀ kúrú. Ibi tí ìlà ti ń gùn ni router, ẹ̀rọ tó so ọ́fíìsì mọ́ ìta, níbi tí 1 Gbps ti ń wọnú ọ̀nà tóóró. Bí ẹ bá ra 20 Mbps, ẹ shape é (ẹ dín ìyára tí router fi ń fi dátà ránṣẹ́ kù) sí 18 tàbí 19, ní Adó àti ní Ìkọ̀lé, kí ìlà lè tò sọ́dọ̀ yín, níbi tí ẹ ti lè pàṣẹ ẹni tó máa ṣáájú. Ìpè wọn ò já mọ́, bandwidth àtijọ́ náà ni wọ́n sì ń lò.

Ìgbà tí backup bá ń lọ ni kí ẹ dán an wò, kì í ṣe lóru. Ẹ kọ "show mls qos interface statistics", kí ẹ wo iye 46 tó wọlé àti iye tó jáde. Ẹ fojú sí i kí ìdádúró má ju 150 ms lọ ní ọ̀nà kan, kí jitter, ìyẹn bí ìdádúró ṣe ń yàtọ̀ síra, má ju 30 ms, kí ohun tó ń sọnù má sì tó 1%. Fídíò ìpàdé ńkọ́? Àmì AF41, ìyẹn DSCP 34, ni tirẹ̀. Ẹ má kó o sínú ìlà ohùn.