Kí ni orúkọ ohun tó wà nínú rọ́bà yẹn?

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ìyá ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò gbé agboòrùn dání. Ó fi ìborùn wé nǹkan kan mọ́ àyà, mo sì rò pé ọmọ ọwọ́ ni. Ìgbà tó tú u sórí kántà ni mo rí i pé rọ́bà mínírà ni, tí wọ́n ti bó bébà ara rẹ̀ dànù. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìbú ìka méjì lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n bu omi lù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "kí ni orúkọ oògùn yìí? Dókítà ní kí n sáré lọ béèrè orúkọ ẹ̀ wá."

Èmi ni mo bu oògùn yẹn sínú rọ́bà yẹn, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Ọdún 2017 nìyẹn. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń ta oògùn oko nílùú Ifẹ̀ nígbà náà, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Odò-Ogbè. Olóde àti Ifẹ́tẹ̀dó ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń wá, àwọn mìíràn a wá láti Ìpetumodù. Ìyá Oníkẹ́míkà ni wọ́n ń pè mí, tọmọdé tàgbà. Mo mọ oògùn tó ń jó ewé koríko lórí ilẹ̀, mo mọ èyí tó ń wọ gbòǹgbò lọ, mo mọ èyí tí wọ́n ń fín sí kòkó. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ ohun tí mo ń tà.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ló wá rà á. Oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan ni koríko ti bò mọ́lẹ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ká lítà kan, oko náà kò sì tó ohun tó ń gba lítà kan. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nígbà náà ni mo ṣe é: mo ṣí gálọ́ọ̀nù, mo fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, mo rọ ọ́ sínú rọ́bà tó gbé wá. Agolo méjì ló sanwó rẹ̀. Ó ní kí n fi ènì sí i, mo sì fi ènì sí i. Ènì yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ó dé ilé, ó gbé rọ́bà náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi, ó ń dúró kí òjò dáwọ́ dúró kó tó lọ fín oko. Òjò kò dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 ti ilé ìwé dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó gbé rọ́bà mínírà, ó dà á sẹ́nu.

Paraquat ni, oògùn tó ń jó ewé koríko. Àwọn tó ń ṣe é ti ro ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí mọ́ ọn: wọ́n fi àwọ̀ aró sí i kó má baà jọ ohun mímu, wọ́n fi òórùn burúkú sí i, wọ́n tún po ohun tó ń múni bì mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ náà gbóòórùn rẹ̀, ó tutọ́, ó bì. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ti lọ sísàlẹ̀, ẹnu kan sì ti tó. Àwọn ará ilé rọ epo pupa sí i lẹ́nu, nítorí ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa nìyẹn. Epo pupa kò ká a. Tó bá sì jẹ́ kẹrosíìnì ni ọmọ mu, epo tó ń mú un bì yẹn lè sọ kẹrosíìnì náà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ọ̀ràn tún burú sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ìyẹn fún àwọn ìyá àgbà ilé yín.

Nílé ìwòsàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: kí ló mu? Ẹnì kan ní kẹrosíìnì. Ẹnì kan ní òtapiapia. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oògùn koríko ni, ṣùgbọ́n èwo? Rọ́bà kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọ̀ràn yìí ni mo wá lọ jókòó ti nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi, mo ní kó ṣàlàyé fún mi ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi ní láti lé ìyá ọmọ sínú òjò. Ó ní bó bá jẹ́ òtapiapia, ìyẹn DDVP tí a ń tà fún kòkòrò, iṣan ara ló ń kọlù: itọ́ á máa dà, òógùn á máa bò ó, ẹyinjú rẹ̀ á sún kì, èémí á máa há. Ìyẹn ní ẹ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní atropine. Paraquat kò ní ẹ̀rọ̀ kankan láyé. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n tètè fún un ní eédú tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀, kó fa májèlé náà mọ́ra nínú ikùn kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá sì kọjá ń dín iṣẹ́ eédú náà kù. Ó tún sọ ohun tó bà mí lẹ́rù jù: afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí gbogbo ilé ìwòsàn máa ń sáré gbé sí imú ẹni tí kò mí dáadáa, ńṣe ló ń ran paraquat lọ́wọ́ láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nítorí náà dókítà tí kò mọ orúkọ lè fi àánú ṣe ohun tí yóò pa á.

Wákàtí márùn-ún ló wà láàárín ìgbà tí ọmọ náà mu ún àti ìgbà tí ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo sọ orúkọ náà fún un, mo kọ ọ́ sí bébà, mo bá a wá ọ̀kadà.

Mo lọ wò ó ní ọjọ́ kejì. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti bọ́. Bí oògùn yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn. Kíndìnrín ló kọ́kọ́ ń mú, lẹ́yìn náà ẹ̀dọ̀fóró á máa gan díẹ̀díẹ̀, ẹni náà á sì máa mọ ohun tó ń lọ títí dé òpin. Ní ọjọ́ kẹjọ ló kú.

Bàbá rẹ̀ ní àwọn kò ní bá mi ṣẹjọ́, pé àwọn ló gbé rọ́bà wá. Òótọ́ ni, àwọn ló gbé rọ́bà wá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ohun tí mo ń rọ sínú rẹ̀.

Ẹ bá mi wo ara gálọ́ọ̀nù tó kù sílẹ̀ lórí kántà mi lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ rí ohun tí agolo mílíìkì mi sọ nù. Orúkọ oògùn wà níbẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, àti nọ́ńbà NAFDAC. Ohun tí wọ́n yóò kọ́kọ́ ṣe fún ẹni tó bá gbé e mì wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún dókítà nìkan. Nísàlẹ̀, ọ̀já aláwọ̀ kan yí i ká: pupa fún èyí tó burú jù, lẹ́yìn rẹ̀ yẹ́lò, lẹ́yìn rẹ̀ búlúù, lẹ́yìn rẹ̀ gíríìnì. Àwọn àwòrán kéékèèké wà lórí ọ̀já náà fún ẹni tí kò mọ̀wé: ìbọ̀wọ́, bàtà òjò, ọwọ́ tó ń fọ̀, àti ti pé kí wọ́n tì í pa mọ́ kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé. Pupa ni DDVP. Yẹ́lò ni paraquat. Ìwọ̀n tó lè pa eku ni wọ́n fi pín wọn bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ náà kò sọ fún ọ pé èyí ní ẹ̀rọ̀, èyí kò ní. Mo ti máa ń sọ fún oníbàárà tẹ́lẹ̀ pé yẹ́lò kò le tó pupa. Mi ò sọ ọ́ mọ́.

Gbogbo òfin tí ìjọba ṣe lórí májèlé, ara ìgò yẹn ló ń gbé. Bí a bá ti rọ oògùn kúrò nínú rẹ̀, òfin náà kò bá a lọ.

Mo fara mọ́ òfin. Bàbá mi fi Gammalin 20 fín kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń fi igi pò ó nínú garawa tí a tún fi ń wẹ̀, àwọn kan sì ń dà á sódò láti fi pẹja. Májèlé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní lindane ló wà nínú rẹ̀. Ní 2008, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó lé ní 100 dèrò ilé ìwòsàn ní Doma, ní ìpínlẹ̀ Gombe, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà tí lindane wà nínú rẹ̀. Ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Stockholm, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí májèlé tí kì í tètè tán nílẹ̀, wá fi í sára ohun tí ayé gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ní ti paraquat, Yúróòpù ti lé e kúrò láti 2007. Ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mu ún ní ọdún 10 lẹ́yìn náà. NAFDAC fòfin de é nílẹ̀ wa láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, atrazine, oògùn koríko mìíràn, náà tẹ̀ lé e ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Àmọ́ ẹ wo ti òtapiapia. Ní 2019, NAFDAC fòfin de DDVP inú ìgò kékeré, ti 100ml sísàlẹ̀, nítorí àwọn tó ń fi gbẹ̀mí ara wọn àti àwọn tó ń fín in sí oúnjẹ. Ìdí náà dára. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ní ọjà wa ni pé ìgò kékeré kò lọ síbì kankan. Ìwé ara rẹ̀ ló lọ. Àwọn ènìyàn ra ìgò ńlá, wọ́n pín in sínú ìgò oògùn ikọ́, wọ́n sì ń kiri rẹ̀ pẹ̀lú oògùn eku. Ṣáájú òfin, ìgò kékeré náà ní ọ̀já pupa. Lẹ́yìn òfin, kò ní nǹkan kan.

Ẹ̀wà náà ń kọ́? Oṣù kẹfà 2015 ni Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí wọ́n wọn DDVP inú rẹ̀, wọ́n sì rí i tó 4.6 mílígíráàmù nínú kílò kan, nígbà tí òfin wọn kò gbà ju 0.01 lọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n ni wọ́n ṣe mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Odò-Ogbè, mi ò tíì rí ẹni tó wá bu kóńgò ẹ̀wà kan lọ wọ̀n fún àwa tí a ń jẹ ẹ́ níbí.

Àwọn tó ń yẹ ṣọ́ọ̀bù wò máa ń wá, lóòótọ́. Wọ́n á wo nọ́ńbà, wọ́n á wo ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, wọ́n á kọ nǹkan sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ kántà mi rí, níbi tí agolo mílíìkì wà. Wọn ò béèrè fáńẹ́lì tí a fi ń rọ ọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yan ohun tí wọn yóò máa yẹ̀ wò, agolo àti fáńẹ́lì ni n óò kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà n óò bẹ àwọn tó ń ṣe oògùn tí òfin ṣì fàyè gbà, pé kí wọ́n di í sínú ọ̀rá kékeré tó tó fún pọ́ǹpù ìfín-oògùn kan, kí ìwé ara rẹ̀ pé, kí ó sì jẹ́ Yorùbá níbi tí wọ́n bá ti ń sọ Yorùbá. Àgbẹ̀ tí kò lówó lítà kan kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ ra ìwọ̀nba tí owó rẹ̀ ká ni.

Mo ju agolo tèmi nù ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà kú. Láàárín oṣù mélòó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn oníbàárà mi tó ti kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ń bù ú tà. Àwọn kan padà wá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í so àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ láti dá owó lítà kan, kí wọ́n jọ lò ó lọ́jọ́ kan náà láti inú ìgò rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá lò ó tán, mo ní kí wọ́n fi omi ṣan ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n da omi náà sínú pọ́ǹpù, kí wọ́n gbé òfìfo rẹ̀ wá fún mi. Mo ní ìṣó kan tí mo fi ń dá ihò sí i lára, nítorí mo ti rí epo pupa nínú gálọ́ọ̀nù oògùn koríko rí lọ́jà, tí ẹni tó ń tà á sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, tó gbà pé ó ti mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan wá pẹ̀lú rọ́bà mínírà. Mo ní a kì í bù ú tà níbí mọ́, bàbá. Wọn ò bínú, wọ́n ní ó dáa, wọ́n kọjá lọ. Kò pẹ́ ni mo rí wọn tí wọ́n ń padà bọ̀, rọ́bà ti kún dé ìdajì, wọ́n ti gbé e sínú báàgì pẹ̀lú búrẹ́dì.

Mo jáde sí wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú sà, kí ni orúkọ ohun tó wà nínú rọ́bà yẹn?"

Wọ́n ní, "Wọ́n ní oògùn koríko ni."

Mo ní kí a jọ padà lọ béèrè. A lọ. Ọmọkùnrin tó tà á kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ, ó wá sọ. Mo kọ orúkọ náà gàdàgbà sí bébà, mo kọ MÁJÈLÉ NI sábẹ́ rẹ̀, mo fi sẹ́lótéèpù yí i ká lẹ́ẹ̀mẹrin kí òjò má baà bó o. Bàbá ní kí n ka ohun tí mo kọ fún àwọn. Mo kà á. Wọ́n yọ búrẹ́dì kúrò nínú báàgì, wọ́n fi sí abíyá.