Ojú àlejò

Ọjọ́rú. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n lọ kàwé ní Jámánì.

"Mo ti ń fi ojú àlejò wò ó báyìí."

Èmi kọ́ ni ìyá mi ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá aláta ni, níwájú ilé, níbi tí wọ́n ti jọ ń ṣa tàtàṣé. Èmi wà lẹ́yìn fèrèsé, mò ń ká aṣọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn mi.

Àlejò. Nínú ilé tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ.

Mo ti ṣe fótókọ́pì gbogbo ìwé ní Lágéré, mo ra oògùn, mo wọn báàgì. Kílò 26 ni, 23 ni wọ́n gbà. Iṣẹ́ òní nìyẹn.

Mo ti ń rí àmì ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, mi ò kàn mọ ohun tí mò ń rí ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ mi sínú abọ́ tánganran olódòdó, èyí tí kì í jáde àfi tí pásítọ̀ bá wá kí wa. Ẹran mi ti di méjì. Lánàá tí omi tán, àbúrò mi ni wọ́n pè. Mo ní kí n lọ pọn ọ́n, wọ́n ní, "Fi sílẹ̀, lọ sinmi." Inú mi dùn nígbà náà, mo ní ìkẹ́ ni. Ìkẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n a kì í rán àlejò níṣẹ́.

Sáà kan péré sì ni o! Oṣù kẹwàá ni ẹ̀kọ́ á bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì, ó ti parí. Òjò àkọ́rọ̀ ni màá bá nílé. Kí ló wá dé? Àbí nítorí ti ọmọ ẹ̀yìn ilé wa ni, tó ní ọdún kan lòun ń lọ lò, tó ti di ọdún mọ́kànlá báyìí...

Nígbà tí lẹ́tà yunifásítì Bayreuth ní Jámánì dé, ohun tó kọ́kọ́ múnú mi dùn ni Iwalewahaus, ilé iṣẹ́ ọnà tí Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1981. Ó ti ṣiṣẹ́ ní yunifásítì wa ní Ifẹ̀ níbí rí, kó tó lọ fi orúkọ Yorùbá sọ ilé ní Jámánì. Ìwàlẹwà. Mo ní ilé tó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní kà mí sí àlejò. Mi ò mọ̀ pé ilé wa ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ kà mí sí i.

Lálẹ́, a tú ẹrù. Mo ní ká yọ ẹran díndín kúrò, torí wọn kì í jẹ́ kí èrò kó ẹran tàbí wàrà láti ọ̀dọ̀ wa wọ Yúróòpù. Ẹja ni wọ́n fàyè gbà. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìyá mi fi din ẹran yẹn, síbẹ̀ wọn ò bá mi jiyàn. Ìyá mi, tó lè dúró bá ọlọ́jà jiyàn lórí àádọ́ta náírà títí ilẹ̀ á fi ṣú! Wọ́n kàn ní, "Ó dáa." Ohùn tí wọ́n fi ń dá àlejò lóhùn nìyẹn.

Irú nìkan ni wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Wọ́n ti sá a gbẹ, wọ́n ti gún un, wọ́n wé e sínú ọ̀rá mẹ́ta, wọ́n so ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n mi orí, wọ́n wá ọ̀rá kẹrin.

Mi ò tíì sọ ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn fún yín. Mò ń sá fún un ni. Ìyá aláta bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ojú àlejò wò mí. Wọ́n dákẹ́. Mò ń gbọ́ bí tàtàṣé ṣe ń bọ́ sínú abọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ní, "Mò ń fi kọ́ra ni."

Ká sòótọ́, èmi náà ti ń ṣe é. Ní Lágéré lónìí, mo dúró ti alákàrà kan, mò ń wo bó ṣe ń yí àkàrà padà nínú epo, bí ẹni tí kò rí i rí. Láti kékeré ni mo ti ń ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá yẹn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ aago fún ìyá mi kí n tó wọlé wá sùn. Tó bá di Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, Jámánì á dá aago wọn sẹ́yìn ní wákàtí kan, tiwọn àti tiwa á wá dọ́gba. Tí ìyá mi bá jí gbàdúrà láago márùn-ún, aago márùn-ún náà ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni.

Wọ́n ti pa iná pálọ̀. Mò ń gbọ́ ìró síìpù báàgì náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n gbọ́. Ó ní ohun tí wọ́n ń dá padà sínú rẹ̀. Mi ò ní jáde.