Ẹ̀gbọ́n àti Bíìtì Pẹlẹbẹ

Bí ọ̀gá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, bá fẹ́ yan bíìtì dírìlì, èyí tó bá gùn jù ni wọ́n máa ń mú. "Ihò tó jìn, bíìtì tó gùn. Kí ló tún kù?"

Ìdí ìbọn méjì la fẹ́ ṣe fún oníbàárà kan. Irú ìdí ìbọn yìí, bóòtì gbọọrọ kan ló ń gba àárín igi kọjá, láti ibi tí wọ́n ń fi ti èjìká títí dé ibi tí igi ti pàdé irin. Ihò náà tó íńṣì 10, igi ò sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Bó bá fi díẹ̀ wọ́ níbẹ̀rẹ̀, bó bá fi máa dé ìsàlẹ̀, wàhálà ti dé.

Ó yẹ ká lu ihò nígbà tí igi ṣì wà ní odidi, ká tó gbẹ́ ẹ. Bí ihò bá wá wọ́, a ó gbẹ́ igi tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n ti gbẹ́ èkíní tán ní tiwọn, wọ́n ti fi sáńpépà ra á, wọ́n tiẹ̀ ti fi òróró kùn ún. Ìgbà náà ni wọ́n wá gbé bíìtì pẹlẹbẹ kan jáde, ẹnu rẹ̀ bíi ṣíbí, tí wọ́n ti jó mọ́ ọ̀pá irin gígùn. Bíìtì yìí, orí nìkan ló ní. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò kan ògiri ihò níbì kankan, nítorí náà ibi tó bá rọ̀ nínú fọ́nrán igi ni orí náà ń bá lọ.

A fi igi há fáìsì, mo tún dì í mú kó má gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n tẹ dírìlì. Èéfín rú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fà á jáde, ẹ̀rún igi ti dí i." Wọ́n ní kí n di ohun tí mo dì mú. Kò pẹ́, mo rí i tí ara igi ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò mi. Kí n tó lanu, ẹnu bíìtì ti yọ síta, ó ń yí. Mo fò sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bẹ iwájú igi wò, wọ́n ní, "Kò tíì jáde."

"Ó ti jáde, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà."

Wọ́n fi ìbínú ní kí n lu èkejì fúnra mi. Auger, ìyẹn bíìtì gígùn tó lọ́, irú èyí tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ń lò, ni mo mú, èyí tí kò ní sikúrúù lẹ́nu, torí sikúrúù yẹn náà máa ń bá fọ́nrán lọ téèyàn bá ń lu igi láti orí. Ara auger yìí tó lọ́ gbọọrọ ló ń fi ògiri ihò ṣe atọ́nà. Mo kọ́kọ́ fi bíìtì kúkúrú tí wọ́n jọ fẹ̀ bákan náà ṣí ọ̀nà fún un, mo sì ń fà á jáde lóòrèkóòrè kí n lè gbọn ẹ̀rún dànù. Ibi tí mo sàmì sí gan-an ló yọ sí.

Ẹ̀gbọ́n yọjú sínú ihò, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ lódìkejì. "Igi eléyìí rọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ."

Oníbàárà dé. Ó gbé èkíní, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ihò ẹ̀gbẹ́. "Kí lèyí?"

Mo gbójú sókè àjà. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ mira. "Ibi tí atẹ́gùn ń gbà ni, sà. Kí igi má baà là."

Ọkùnrin náà ki ìka bọ̀ ọ́, ó mi orí, ó ní iṣẹ́ ọpọlọ nìyí. Ó wá gbé èkejì, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ojú rẹ̀ bá le.

"Èyí ńkọ́? Ṣebí iye kan náà ni mo san lórí méjèèjì?"

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí mi, bí ẹni pé èmi ni mo gbàgbé. "Lọ gbé bíìtì pẹlẹbẹ yẹn wá."